Wọ́n Ní Ká Yan Ohùn, Ohùn Wa Ò Sí Níbẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ èyí tó ń lo Windows, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Time & language, kí ẹ wá tẹ Speech. Ibẹ̀ ni wọ́n to àwọn ohùn sí, ìyẹn ohùn tí kọ̀ǹpútà máa ń lò bí ẹ bá ní kó ka ohun tó wà lójú rẹ̀ síta. Ẹ lè yan David tí í ṣe ọkùnrin, ẹ lè yan Zira tí í ṣe obìnrin. Ẹ lè mú kí ohùn náà máa sáré bíi ti kọ́ńdọ́ danfo tó ń pe Òṣòdì, ẹ sì lè fà á sẹ́yìn kó máa wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Bí èyí tó wà níbẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, wọ́n ní kí ẹ tẹ Add voices, kí ẹ fi òmíràn kún un. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Àtòjọ kan máa ṣí, ó máa gùn bí ìlà ilé epo. Ẹ máa rí Catalan, ẹ máa rí èdè Slovenia, ẹ máa rí èdè Vietnam. Ẹ sọ̀kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ò ní rí Yorùbá.

Kì í ṣe pé Microsoft kò mọ̀ pé a wà láyé. Láyé Windows 7, wọ́n pèsè Yorùbá tí èèyàn lè fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí orúkọ bọ́tìnì àti àkọlé fèrèsé á di Yorùbá. Kíbọọ̀dù Yorùbá náà wà. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà yìí lè kọ èdè wa, ó lè fi èdè wa hàn, ṣùgbọ́n tó bá di ká la ẹnu, ó yadi.

Àwa tí a ń kọ eléyìí, ètò kọ̀ǹpútà la ń kọ jẹun. Yàrá kan la háyà ní Apakun, lẹ́bàá Òṣòdì, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń gba orí òrùlé kọjá, tí a ó dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ kó tó lọ tán. (A ò fi àmì sórí Apakun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sára pátákó. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.) Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. A ní ohun tó ń dí ohùn Yorùbá lọ́nà kó má lè wọ inú àtòjọ yẹn kì í ṣe àìsí ìmọ̀, kì í ṣe àìsí owó ńlá, kì í sì í ṣe pé èdè wa le ju ẹ̀rọ lọ. Wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ibi tó kù díẹ̀ kó dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ká aṣọ wọn kúrò nílẹ̀ tí wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ “ohùn Nàìjíríà” kúrò lọ́nà. Ní 2019, Google gbé ohùn Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà jáde, èyí tí a ń gbọ́ lórí Maps. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè wa, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Microsoft náà ní Abeo àti Ezinne, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà. Inú wa dùn, a ò ní purọ́. Ẹni tó bá gbọ́ bí ohùn Amẹ́ríkà ṣe ń pe Ìkòròdú tẹ́lẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan yàtọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìgbàkígbà tí a bá béèrè ohùn Yorùbá, èsì tí a máa ń gbà ni pé “ṣebí wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà?” Ilé-iṣẹ́ kan tí a bá ṣe áàpù fẹ́ kí fóònù máa ka iye owó tó kù sí àwọn oníbàárà rẹ̀ létí, àwọn ìyá ọlọ́jà ni púpọ̀ nínú wọn. A ní kí wọ́n jẹ́ ká fi Yorùbá ṣe é. Wọ́n ní rárá, Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà ti tó, wọ́n á gbọ́. Ó dáa. Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ẹnu wa sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí ẹ bá wọ agbádá fún David, tí ẹ dé e ní fìlà abetí ajá, David náà ni.

Ta wá ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù? Ẹni tó ríran lè rẹ́rìn-ín bí kọ̀ǹpútà bá pe orúkọ rẹ̀ ní ìpèkúpè, kó sì kọjá lọ. Ẹni tí kò ríran, ohùn yẹn ni ojú rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wa ní Apakun sí Òṣòdì kò jìnnà, ibẹ̀ ni Nigeria Society for the Blind ní ibùdó ìkọ́ṣẹ́ wọn sí, ó ti wà níbẹ̀ ó ti pẹ́, tí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ fọ́ láàárín ayé ti ń lọ kọ́ Braille, tó ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé, tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Ní Sùúrùlérè, ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran láti 1962. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síta ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tó gbajúmọ̀ jù tí kò gba kọ́bọ̀ ni NVDA. Michael Curran, ọmọ Australia tí òun náà kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, nítorí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó wà lọ́jà nígbà yẹn wọ́n ju ẹ̀mí lọ. A ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọkùnrin náà kò ní òun ń dúró de ìjọba.

Nínú NVDA, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ NVDA mọ́ Ctrl àti S, ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi V rọ́pò S, ẹ máa bá ara yín níbi tí wọ́n ti ń tún ohùn ṣe: bó ṣe ń yára sí, bó ṣe ga sí, bó ṣe ń ké sí. Ẹ̀rọ kan tó máa ń bá NVDA rìn ni eSpeak NG. Ẹ jẹ́ ká gbé gbólóhùn kan fún un, kí ohùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kà á: “Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ọjà Ọba.” Àmì ohùn á kọ́kọ́ dànù. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ, nítorí náà ó lè gbé e mì, ó sì lè dúró sórí rẹ̀ kó máa ka orúkọ lẹ́tà bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà mọ́tò. “Gb” tí í ṣe ìró kan ṣoṣo lẹ́nu wa, ó máa là á sí méjì. Ohun tó máa kù fún ẹni tó ń gbọ́ kò ju èyí lọ: W n ti g-be k naa l si ja ba. Ẹ wá ka ojú ewé mẹ́wàá bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ka ìwé kan tán bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé àwọn tí kò ríran kì í ka Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, kí ó mọ̀ pé ó ti ti ìlẹ̀kùn pa, ó wá ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní àwàdà ní ọdún 2018, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí òfin tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Òfin tó dáa ni, a fara mọ́ ọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Òfin yẹn fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe kí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà á wọlé. Ẹ so òfin méjèèjì pọ̀. Ọmọ tí kò ríran gbọ́dọ̀ kọ́ Yorùbá. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kọ̀ǹpútà á kà á fún un ní ohùn tó bá wù ú. Ìwé ìṣirò rẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbìyànjú. Ìwé Yorùbá rẹ̀, àyàfi kó wá ẹni tó máa kà á sí i létí, tàbí kó rí èyí tí wọ́n fi Braille tẹ̀. Èdè abínibí rẹ̀ nìkan ló máa sọ ọ́ di alágbe ní kíláàsì. Òfin tó ń tún àtẹ̀gùn ṣe tí kò rí èyí, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá.

Àwáwí àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ ni pé àwọn afọ́jú tó ń lo kọ̀ǹpútà ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, òun náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló dé tó fi ń ka ìwé Fágúnwà? Kí ló dé tó fi ń bú èèyàn ní Yorùbá? Ohùn kì í ṣe irinṣẹ́ lásán. Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí àìsàn gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, ohùn ẹ̀rọ kan tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Dennis Klatt ti Amẹ́ríkà ló ń lò. Nígbà tí ohùn tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ dé, ó kọ̀, ó ní èyí ni òun mọ̀ ní tòun. Bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá lè di ohùn ẹ̀rọ onídùn-ún ahọ́n Amẹ́ríkà mú títí dé ikú nítorí ó ti di ara rẹ̀, ẹ má sọ fún wa pé ohùn yòówù tí wọ́n bá sọ sí wa, ká máa gbé e lọ.

Àti pé kì í ṣe ẹni tí kò ríran nìkan. Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú nítorí gílókómà, tí kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì rí, ó ní fóònù lọ́wọ́, àwọn ọmọ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ wà lójú títì. Ọmọ wa tí wọ́n bí sí Houston tó ń gbọ́ Yorùbá yékéyéké ṣùgbọ́n tí kò lè kà á. Bóyá àwọn wọ̀nyí pọ̀ ju àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lọ pàápàá.

Àwáwí kejì ló ń bí wa nínú jù, nítorí àwọn tó kàwé ló ń sọ ọ́: pé Yorùbá le fún ẹ̀rọ, pé nítorí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni. Vietnam ńkọ́? Ohùn mẹ́fà ni èdè wọn ní. Kọ̀ǹpútà ń sọ ọ́. Ohùn Vietnam tó wà nínú Windows, An ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó jókòó sínú àtòjọ náà pẹ̀sẹ̀. Mandarin ti Ṣáínà ní ohùn mẹ́rin, ó wà níbẹ̀. Ohùn mẹ́ta tiwa ló wá ń bà wọ́n lẹ́rù?

A ò tíì kúrò lórí Vietnam o. Nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo lẹ́tà ló ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà ẹ ni U+1EB9, ti ọ ni U+1ECD. Ẹ wo àtẹ Unicode, ẹ máa rí i pé àárín àwọn lẹ́tà tí wọ́n tò fún èdè Vietnam ni àwọn méjèèjì wà. Ayálégbé ni lẹ́tà wa níbẹ̀. Onílé kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wọlé: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èèyàn lè fi ẹ ṣáájú kó fi àmì òkè tẹ̀ lé e, ó lè mú é kó fi àmì sí i nísàlẹ̀, ó sì lè to mẹ́ta tẹ̀ léra wọn. Lójú èèyàn, bákan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó fà á nìyí tí ẹ fi ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì tí ẹ kọ fúnra yín tí kọ̀ǹpútà ń sọ pé kò sí níbẹ̀. Ìlà ètò kan ṣoṣo ló ń tún un ṣe, gbogbo ẹni tó ń kọ ètò ló mọ̀ ọ́n. Ìṣòro ni, kì í ṣe òkè ìṣòro.

Àwáwí kẹta ni pé kò sí dátà. Irọ́ ni. Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ iṣẹ́ jáde ní 2006 lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gbé ohùn Yorùbá sókè sódò bó ṣe yẹ nígbà tó bá ń kàwé. Ọdún 2006, ọdún tí NVDA bẹ̀rẹ̀ gan-an! Ní 2020, Google gbé ohùn Yorùbá tí èèyàn 36 kà sílẹ̀ jáde, ó lé ní wákàtí 4, ó mọ́ ketekete, ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2022, BibleTTS dé, èdè Áfíríkà 10 ló wà nínú rẹ̀, Yorùbá jẹ́ ọ̀kan, wọ́n sì ní ká lò ó fún ohun tó bá wù wá, kódà fún títà. Ní 2023, Meta gbé MMS jáde, èdè tó lé ní 1,100 ló ń sọ, ó ń sọ Yorùbá, àmọ́ wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi tiwọn pa owó. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ nílé níbí ti ń kọ́ tiwọn, ó sì ń wú wa lórí.

Kí wá ni kò sí? Ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí ibí ni ìjà wa wà. Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, wọ́n parí sínú àpilẹ̀kọ onímọ̀ tàbí sínú fáìlì tí onímọ̀ nìkan lè ṣí. Ọ̀kan nínú wọn kò rìn dé inú àtòjọ ohùn tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò ríran ní Òṣòdì kò lè tẹ bọ́tìnì kan kí ó di tirẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga, omi wà nínú rẹ̀, kò sí okùn, kò sí korobá, wọ́n ti ya fọ́tò ayẹyẹ ìṣíkànga. Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ wa nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fẹ́ràn ayẹyẹ yẹn. Wọ́n á kọ́ ohùn kan, wọ́n á fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá rẹ̀ hàn wá lórí Twitter, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́, ó tán. Kíkó o wọ inú Windows àti Android kó lè máa gbọ́ràn sí NVDA àti TalkBack lẹ́nu, iṣẹ́ aláìlókìkí ni. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó so okùn mọ́ korobá.

Ohun míì tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ni pé ẹni tó ń fi ètò yìí ṣiṣẹ́ kò wá ohùn tó dùn bí orin. Ohùn tó ń yára ló ń wá. Bí ẹ bá gbọ́ bí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n lò ṣe máa ń sá a, ẹ ò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Bó bá tẹ lẹ́tà kan, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ohùn tó kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ bá íntánẹ́ẹ̀tì kó tó fèsì, tó ń jẹ dátà, tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè gé nídìí rẹ̀, kò wúlò fún un. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi rọ̀ mọ́ eSpeak tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Ó kéré, ó yá, ó wà lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Nínú eSpeak NG 1.51, Swahili wà, Setswana wà, Vietnam wà. Yorùbá kò sí. Bẹ́ẹ̀ òfin ni wọ́n fi ń kọ́ ọ: ẹ kọ fáìlì kan tó sọ pé bí ẹ bá rí lẹ́tà báyìí, ìró báyìí ni kí ẹ pè. Fún Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ńlá ni, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ ohun tó ń pè. Yorùbá? Lẹ́tà 25. Bí a ṣe ń kọ ọ́ la ṣe ń pè é, tí àmì bá ti pé. Àwọn tó jókòó ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa ti bá wa dín iṣẹ́ yìí kù kí iná mànàmáná tó dé ìgboro.

Tí àmì bá ti pé. A ti dé ibẹ̀. Ẹ gbé Apakun wá. Bí a ṣe kọ ọ́ yẹn, ohùn ẹ̀rọ kò lè mọ bí a ṣe ń pè é, àfi kó méfò. “Ogun” ńkọ́? Ó lè jẹ́ ìjà, ó lè jẹ́ nọ́ńbà 20, ó lè jẹ́ dúkìá tí bàbá fi sílẹ̀, ó lè jẹ́ òrìṣà, ó lè jẹ́ odò tó ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá. Iroro Orife ti fi hàn ní 2018 pé kọ̀ǹpútà lè kọ́ bí a ṣe ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ tí wọn kò fi sí, ìyẹn sì wúlò fún ohun tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó mọ̀ ọ́n kọ, tó wá ń sọ pé àmì ń wúwo lójú, pé òǹkàwé á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, òǹkàwé wo ló ń sọ? Ẹni tó ń fi ojú kà á nìkan ló ń sọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kó máa bá yín gbé e.

Bí ohùn Yorùbá bá wá dé lóòótọ́, ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe nínú Settings kò gbọdọ̀ jọ ti Gẹ̀ẹ́sì. A ti ń jiyàn lórí èyí ní Apakun, iyàn náà kò tíì tán. Ẹ mú nọ́ńbà. Bó bá rí 45, ṣé “márùn-ún-dín-láàádọ́ta” ló máa kà? A ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá rí ₦1,500 ńkọ́? Ọ̀kan nínú wa ní “ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà” ni dandan. Èkejì ní kó lọ sọ ọ́ ní ọjà Òṣòdì kó wò ó bóyá ẹni tó ń ta tòmátì á dá a lóhùn. Èrò tiwa ni pé kí bọ́tìnì wà fún un: nọ́ńbà àtijọ́ tàbí nọ́ńbà ọjà, kí oníkálùkù yan èyí tó gbọ́. Kí bọ́tìnì wà fún ìwé tí kò ní àmì, kí ẹ̀rọ sọ fún ni pé òun ń méfò. Àwọn ará wa ní Orílẹ̀-èdè Benin ń fi ɛ àti ɔ kọ ohun tí àwa ń fi ẹ àti ọ kọ. Kí ohùn náà mọ méjèèjì, ìyẹn ò gba wàhálà. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Redmond tó máa bá wa ronú kan àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí a bá jókòó tì wọ́n, wọ́n á ṣe é lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì ṣe é bí ẹni tí kò ra tòmátì rí.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tóbi ju èèyàn mẹ́ta mẹ́rin lọ: onímọ̀ èdè kan, ẹni méjì tó ń kọ ètò, àti ẹni tí kò ríran tó máa jókòó tì wọ́n láti ọjọ́ kìíní, tó máa sọ fún wọn pé èyí kò dáa. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wà nínú ọgbà kan náà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kan lè gbé fáìlì òfin yẹn dé ibi tó lápẹẹrẹ. Ìjọba Èkó tó sọ Yorùbá di dandan lè san owó rẹ̀ láì ta ilẹ̀.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gba owó rárá. Ní òkè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, níbi tí òǹkàwé kì í wò, ìlà kan wà tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé èdè báyìí ni wọ́n fi kọ ọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ojú ewé Yorùbá tí a yẹ̀ wò, ohun tó wà níbẹ̀ ni lang="en". Wọ́n kọ Yorùbá tó jinlẹ̀, wọ́n wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Lọ́jọ́ tí ohùn Yorùbá bá dé, NVDA máa dé ojú ewé wọn, ó máa rí “en”, ó máa pe David. Lẹ́tà méjì péré ni wọ́n máa pààrọ̀, kí ó di “yo”. Ẹ tẹ Ctrl mọ́ U lórí ojú ewé tí ẹ ń kà yìí, kí ẹ wo òkè. Tí ẹ bá rí “en”, ẹ kọ̀wé sí àwọn olóòtú.